Bàbá Olùkọ́ Dáhùn: Òkìtì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ta ló ni ín?

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ra ilé kan ní abúlé kan ní Essex lọ́dún tó kọjá. Òkìtì ńlá kan wà lẹ́yìn ilé náà tí koríko bò. Apá kan rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ tiwa, kòtò gbígbẹ kan sì lọ yí i ká. Ọkọ mi fẹ́ bu erùpẹ̀ òkìtì náà sínú kòtò kí ilẹ̀ lè tẹ́jú, kó wá kan ahéré onípákó síbẹ̀ fún irinṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń wọ bàtà òjò ni ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò ti sáré jáde wá bá a, pé kó má fi ṣọ́bìrì kan ibẹ̀ o, pé ó lè dé ilé ẹjọ́. A wọlé lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò, lóòótọ́ ni lọ́yà wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé “scheduled monument” ni, ìyẹn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ìdùnnú ilé tuntun ni kò jẹ́ ká kà á lọ́jọ́ tí à ń buwọ́ lùwé.

Bàbá, kò sí ilé lórí ẹ̀, kò sí òkúta kan ṣoṣo níbẹ̀. Erùpẹ̀ ni! Kí ni wọ́n ń dáàbò bò? Ṣé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa mọ́ ni? Ṣé àwọn ènìyàn á máa gba ẹ̀yìnkùlé wa wá wò ó? Ọkọ mi ò dákẹ́ ẹjọ́ láti ọjọ́ náà. 
— Ọmọ yín, Essex

ÌDÁHÙN

Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí ìyá yẹn. Ẹ dín àkàrà lọ fún un tí ẹ bá rí ẹ̀wà tó dáa. Ó gbà yín lọ́wọ́ ohun tí owó lọ́yà kì bá tán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dun ọkọ yín, pé erùpẹ̀ ni. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Ìjẹ̀bú kí n tó wá sí ìlú yìí, ibi tí mo ti di awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Lára àwọn ọ̀nà tí mò ń gbà ni Rayleigh, ní Essex yín níbẹ̀ yẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì kan kọjá níbẹ̀ fún bí ọdún méjì, mo rò pé òkè lásán tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀ ní ìsinmi, pẹ̀lú ọmọ ọmọ mi àti ìgò omi kan, ni mo rí i pé ènìyàn ló kó o jọ. Ojú tì mí díẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò dá yàrà mọ̀, kí la ó pè é?

Yàrà ni kòtò tí ọkọ yín fẹ́ dí yẹn, ẹ má pè é ní kòtò mọ́. Ní 1066, William tó jẹ́ olórí ilẹ̀ Normandy, ní Faransé, kó ọkọ̀ ojú omi wọ England, wọ́n pa Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìjà Hastings, ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Àwọn tó ṣẹ́gun kéré, àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun pọ̀ lọ súà, wọn ò sì fẹ́ràn wọn. Ta ló lè sùn láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìṣọ́ra? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ yàrà yípo, wọ́n ń da erùpẹ̀ rẹ̀ sí àárín, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele títí ó fi di òkìtì. Wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ onígi sí téńté orí rẹ̀, wọ́n sì fi igi ṣọgbà yí i ká. Nísàlẹ̀, wọ́n ṣe àgbàlá kan tó ní odi àti yàrà tirẹ̀, ibẹ̀ ni ẹṣin, ilé ìdáná àti àwọn ọmọ ogun ń gbé. Òkìtì yẹn ni wọ́n ń pè ní motte, àgbàlá ni bailey. Ọ̀rọ̀ náà motte ló sì bí moat tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe yàrà lónìí. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tó kúrò nínú yàrà ló di òkìtì. Ohun tí ọkọ yín fẹ́ ṣe nìyẹn, ó fẹ́ dá erùpẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti kó o lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 900!

Aṣọ kan wà tó jẹ́ ti ìlú Bayeux ní ilẹ̀ Faransé, tó gùn tó nǹkan bí mítà 70, tí wọ́n fi òwú àti abẹ́rẹ́ ya ìtàn ogun yẹn sí lára. Ẹ wá àwòrán ibi tí wọ́n ti ń kó òkìtì Hastings jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ mú ṣọ́bìrì dání, ìpele erùpẹ̀ náà sì hàn ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjì nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo àwòrán yẹn ni mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó rán aṣọ náà ti rí ibi iṣẹ́ rí.

Kì í ṣe pápá tó ṣófo nìkan ni wọ́n ń kó o sí o. Nínú Ìwé Domesday, tí William ní kí wọ́n fi ka ilẹ̀ àti dúkìá gbogbo ní 1086, ẹ óò rí i pé ilé 166 ni wọ́n run ní Lincoln kí wọ́n tó ráyè kọ́ ilé olódi síbẹ̀. Ní Cambridge, ilé 27. Òkìtì ti Cambridge ṣì wà láàárín ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó lórí rẹ̀ jẹun. Nígbà tí mo gòkè ibẹ̀, ilé àwọn tí wọ́n lé kúrò ni mò ń rò, mi ò lè jẹ ohun tí mo gbé dání.

Rayleigh tí mo sọ yẹn náà wà nínú ìwé ọ̀hún. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Swein ló kọ́ ọ, wọ́n sì kọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré pé ní ilẹ̀ yìí ni Swein ṣe ilé olódi rẹ̀ sí. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ó ní oko àjàrà níbẹ̀, tó ń mú wáìnì jáde tí ọdún bá dára. Ní Essex! Ọmọ ọmọ rẹ̀, Henry, ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Òun ló ń gbé àsíá ọba lójú ogun. Ní 1157, nígbà tí wọ́n bá àwọn ará Wales jà, wọ́n ní ẹ̀rù bà á, ó sọ àsíá sílẹ̀, ó pariwo pé ọba ti kú. Ọba kò kú. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1163, ẹnì kan fẹ̀sùn yẹn kàn án, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì fi ìjà yanjú ẹ̀ lórí erékùṣù kan nínú odò Thames ní Reading. Wọ́n lu Henry débi pé wọ́n rò pé ó ti kú. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó wà nítòsí gbé e lọ kó lè rí sàréè, ló bá là jú, ó sì di ọ̀kan nínú wọn títí ó fi kú. Ọba gba gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ilé olódi Rayleigh náà wà lára wọn.

Ní 1394, ọba mìíràn, Richard Kejì, fún àwọn ará ìlú láyè kí wọ́n máa wú òkúta ìpìlẹ̀ ibẹ̀ lò. Wọ́n wú u tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè rí òkúta kankan tí ẹ bá débẹ̀ lónìí. Erùpẹ̀ nìkan ni wọn ò lè kó lọ. Láti 1923 ni National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ibi ìtàn, ti ń tọ́jú ibẹ̀, ẹ̀rọ ìlọkà aláfẹ́fẹ́ àtijọ́ kan sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ lọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Kí ọkọ yín wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú.

Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n ń dáàbò bò. Ohun tó wà nínú erùpẹ̀ ni. Òkìtì kan wà ní Wales, nítòsí Montgomery, tí wọ́n ń pè ní Hen Domen. Ní èdè tiwọn, “òkìtì àtijọ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Roger ará Montgomery ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1070. Láti 1960 ni Philip Barker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wa àgbàlá ibẹ̀, wọ́n lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu ẹ̀, torí pé ọwọ́ àti irinṣẹ́ kékeré ni wọ́n fi ń fá a díẹ̀díẹ̀. Wọn ò rí wúrà. Àmì ibi tí òpó igi ti jẹrà sí ni wọ́n ń rí, erùpẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Láti ara àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ilé onígi kún àgbàlá náà fọ́fọ́, pé wọ́n ń wó wọn tí wọ́n sì ń tún wọn kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé ìgbé ayé àwọn ará ibẹ̀ kò dùn tó bí a ti rò. Tí ẹnì kan bá ti gbé katakátá gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ kó lè kan ahéré, àmì òpó yẹn á ti dà pọ̀ mọ́ra. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un tò. Ìwé ni ilẹ̀ yẹn, ìgbà kan ṣoṣo la sì lè kà á, torí bí a ṣe ń kà á là ń ya ojú ewé ẹ̀.

Ó yá, òfin. Láti 1882 ni ìjọba ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. John Lubbock tó jẹ́ aṣòfin ló ti òfin yẹn lẹ́yìn títí wọ́n fi gbà á. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà kò ní eyín, kò lè dá ẹni tó ni ilẹ̀ lẹ́kun. Àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ púpọ̀ ló pọ̀ nílé aṣòfin, ta ni nínú wọn tó fẹ́ kí wọ́n wá sọ ohun tí òun máa ṣe sí ilẹ̀ baba òun? Ó di 1913 kí eyín tó hù. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ní England ni ti 1979, àwọn tó sì ń mójú tó o lójoojúmọ́ ni Historic England. Nǹkan bí 20,000 ibi ló wà lórí àkọsílẹ̀ scheduled monument ní England. Òkìtì yín jẹ́ ọ̀kan.

Ilẹ̀ yín ṣì ni ilẹ̀ yín. Wọn ò gbà á. Òfin yìí kò sì fún àwọn ará ìta láyè láti máa gba ẹ̀yìnkùlé yín wá wò ó, àyàfi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ayé bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lè ti géètì yín. Àmọ́ ẹ ò lè gbẹ́ ibẹ̀, ẹ ò lè bù nínú ẹ̀, ẹ ò lè da erùpẹ̀ tàbí pàǹtí lé e, ẹ ò lè kọ́ nǹkan sórí ẹ̀, títí kan ohun tí ẹ rò pé àtúnṣe ni, láìgba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní scheduled monument consent. Ọwọ́ mínísítà ìjọba ni àṣẹ yẹn ti ń wá, Historic England ló ń gba mínísítà nímọ̀ràn. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti káńsù kò lè rọ́pò rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti káńsù, ọ̀tọ̀ ni tibí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgbàṣẹ, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn lé e, kò sì sí òǹkà tí wọn ò lè kọjá. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún méjì. Ẹ wá rí i pé àkàrà ìyá yẹn ò tiẹ̀ tó.

Kí ọkọ yín má sì bínú jù, torí ọ̀nà wà. Ẹ lọ sí National Heritage List lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá orúkọ abúlé yín. Máàpù kan máa jáde, wọ́n ti fi ìlà sàmì sí ibi tí ààbò náà dé. Bóyá ó ṣẹ́ ilẹ̀ kù fún yín ní òdìkejì ọgbà, kó lọ kan ahéré rẹ̀ síbẹ̀. Tí kò bá ṣẹ́ kù, tí ó sì ṣe dandan, ẹ pe ọ́fíìsì Historic England tó ń bójú tó agbègbè yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Àwọn ènìyàn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í jágbe mọ́ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún ìwé ìbéèrè àṣẹ náà. Ẹ kàn má ṣiṣẹ́ kí ìwé tó dé, kódà bí ẹnì kan bá fi ẹnu sọ fún yín pé kò burú.

Gígé koríko kò léwu. Ọgbà tí ẹni tó ta ilé fún yín ti ń ro níbẹ̀, òfin sábà máa ń jẹ́ kó tẹ̀ síwájú bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó gbin igi tàbí kí ẹ tó fa èyí tó wà níbẹ̀ tu, nítorí gbòǹgbò ń ṣe ohun tí ṣọ́bìrì ń ṣe. Ehoro náà wà níbẹ̀, òun kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá rí i pé ihò rẹ̀ ń pọ̀, ẹ sọ fún wọn. Tí àwọn ọmọ yín bá sì ní ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, ẹ gbé e pamọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni láti lò ó lórí irú ilẹ̀ yìí láìgbàṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀.

Ẹ ṣe mí ní oore kan. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti ń wọ̀ tí òjìji ń gùn, kí ẹ wá dúró sí fèrèsé òkè. Yàrà náà á là kedere, ẹ sì lè rí àgbàlá tó ti tẹ́ mọ́lẹ̀ tí ẹ ò rí lọ́sàn-án. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú déédé ìwòyí, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Norfolk. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Èṣù ló kó òkìtì Thetford jọ. Ṣé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

ÌDÁHÙN

Rárá, ìtàn wọn ni, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ ọjọ́ pẹ́. Wọ́n ní ó gbẹ́ yàrà títí, ó wá gbọn ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ ní Thetford, ẹrẹ̀ náà ló di òkìtì. Ẹ ṣàkíyèsí pé Sátánì inú Bíbélì ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe Èṣù Láàlú ti oríta wa. Tiwa ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.

Àwọn kan tún ní agogo fàdákà mẹ́fà wà lábẹ́ rẹ̀. Ní tòótọ́, àwọn ọmọ ogun Norman, ìyẹn àwọn ará ilẹ̀ William, ló kó òkìtì náà jọ, sínú odi tí àwọn ará ìgbà láéláé ti mọ síbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ó lé ní mítà 18 ní gíga, ó wà lára èyí tó ga jù ní England. Ní nǹkan bí 1173 ni Henry Kejì ní kí wọ́n wó ilé orí ẹ̀, nítorí pé Hugh Bigod tó ni ín dìtẹ̀ sí i. Tí ẹ bá gùn ún, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń gba ara ẹ̀gbẹ́ gòkè ló ń jẹ òkìtì náà run díẹ̀díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ wa àtijọ́, èmi ni ọmọ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ti nà mí lẹ́gba rí nítorí àpilẹ̀kọ ìtàn. Òkìtì òyìnbó, òkìtì òyìnbó. Eredò tiwa ńkọ́?

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gba yẹn tọ́ sí ọ, mo rántí rẹ dáadáa.

Eredò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tiwa, kì í ṣe ẹgbẹ́ òkìtì Rayleigh rárá. Nǹkan bíi kìlómítà 160 ló fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ìkan náà ni ọgbọ́n tí wọ́n dá, wọ́n gbẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n kó o sókè. Láti 1995 ló ti wà lórí ìwé tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO pé a máa tó béèrè àyè fún un lára àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, orí ìwé náà ló ṣì wà. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì máa ń dùn mí ni pé 1979 náà ni ìjọba wa ṣe òfin tó dá àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀, ọdún kan náà pẹ̀lú ti ibí. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn òfin méjèèjì. Ọ̀kan ní ìyá àgbàlagbà tó ń sáré jáde lé ẹni tó gbé ṣọ́bìrì.

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo lọ síbi tí mo máa ń kó yín lọ. O rántí, ibi tí a máa ń di okùn mú sọ̀ kalẹ̀, tí ara á tutù wá lójijì, tí ewé tútù wà lára odi lọ́tùn-ún lósì, tí ẹ̀yin ọmọkùnrin á máa pariwo kí ẹ lè gbọ́ ohùn ara yín padà. Ọ̀nà ọkọ̀ ti gba àárín ibẹ̀ kọjá báyìí. Wọ́n fi odi náà dí yàrà náà, bí ọkọ arábìnrin Essex yẹn ṣe fẹ́ ṣe gan-an. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan tó ń ta omi nínú ọ̀rá níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe ibi yìí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Bàbá, kọ́nà ni.”